Àbẹ́là fún Ọmọ Tí Kò Sí

Ẹ̀yin ará Marienfeld, ẹ bá mi fara balẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí ni mo ti mọ̀ pé òógùn ọwọ́ mi á ti rin ín kí n tó kà á dé ìdajì, bó ti wù kí òtútù mú tó nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Fáda Malloy ní bí ẹ̀rù bá bà mí jù, kí n gbé e fún òun kí òun bá mi kà á. Mo ní rárá. Ẹnu tó so irọ́ ni kó tú u. Mo ti jẹ́wọ́ fún Fáda ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ti sọ fún mi pé Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí mo jí kó ní ojúde, ojúde ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà sí. Orúkọ rere ènìyàn ni mo jí. Ẹ wo àbẹ́là kékeré tó ń jó lórí tábìlì Màríà lẹ́yìn mi yìí. Gbogbo yín lẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń tàn án ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ń sọ ọ́ síta. Òtítọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ sáà gbọ́ mi.

Èmi Corinne Thelen, ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bá Bàbá Konrad Roemer ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ àbẹ́là rẹ̀ mọ̀ pé kò sí aago níbi tí a ti ń ri àbẹ́là. Adúrà la fi ń ka àkókò. A ó ri òwú bọ inú ìda oyin gbígbóná, a ó gbé e sókè, a ó ka "Mo kí ọ, Màríà" kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká tó tún un rì. Ẹni tó bá sáré ka adúrà, ìda ti tẹ́lẹ̀ kò ní tíì gbẹ, àbẹ́là rẹ̀ á wú gúlúgúlú bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó bá ń lálàá lójúmọmọ, ìda á ti tutù jù, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bàbá Roemer á gbé àbẹ́là sókè sójú fèrèsé, á ní, "Ta ló ń ronú ọkọ lẹ́nu adúrà níbí?" Àǹtí Agnes Fassbender, olórí wa nídìí ìkòkò, á dá a lóhùn pé, "Bàbá, ta ni ò ní ronú ọkọ? Ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa kí aláboyún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, ìda á sì máa ta sí wa lápá. Èmi àti Janelle Hruska la jọ máa ń dúró lápá òsì ìkòkò. Ọkọ̀ rẹ̀ la jọ ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àbẹ́là tirẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀ bí ojú omi tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ sí, torí kì í sáré ka adúrà, kì í sì í gbàgbé ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ètò adójútòfò ìlera fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oògùn ìfètòsọ́mọbíbí sí i, kí obìnrin má sì san ohunkóhun, Bàbá Roemer kó gbogbo wa jọ sídìí tábìlì tí a ti ń jẹun ọ̀sán. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni wá jíhìn fún mi lórí ohun tó ń ṣe nílé rẹ̀. Èmi kọ́ ni Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má ní kí n fi ọwọ́ ara mi sanwó ohun tí ìgbàgbọ́ mi pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Àbẹ́là pẹpẹ ni mo ń ṣe. Ọwọ́ wo ni kí n wá fi ṣe é?" Ó ní òun á lọ sí kóòtù, bí wọ́n bá sì fi owó ìtanràn ti ilé-iṣẹ́ náà pa, òun á padà sídìí màlúù tí bàbá òun fi sílẹ̀. Kò parọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé á padà sídìí màlúù lóòótọ́. Nígbà tó jáde, Àǹtí Agnes nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Kí gan-an ni ìjọba ń wá lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi? Èmi fúnra mi ò rántí ìgbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn." Àǹtí, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ níwájú Fáda. Ẹ̀yin lẹ pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Janelle nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀ à ń lọ sílé, ó ní, "Corinne, ìjọba ò bi mí. Bàbá Roemer náà ò bi mí. Àwọn méjèèjì kàn ń jà lórí ara mi bí ìgbà tí mi ò sí nílé."

Mo mọ ohun tó ń sọ, torí ó ti fọ̀rọ̀ náà hàn mí tipẹ́. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù lọ́mọdébìnrin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti máa ń ya bí omi ẹ̀rọ tí ẹnìkan gbàgbé láti tì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì bí ti ènìyàn yòókù. Ó ti dákú rí níléèwé, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, oríṣi oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan báyìí ni dókítà sì wá bá a fi dá a dúró. Láti ìgbà yẹn ló ti ń lò ó, kò tíì mọ ọkùnrin kankan. Ó tiẹ̀ máa ń fi í ṣe àwàdà. Á ní, "Ṣé o rí ayé? Oògùn tí wọ́n ní kì í jẹ́ ká bímọ, òun ló ń bá mi tọ́jú ilé ọmọ mi de ọjọ́ tí màá bímọ." Ó ti ní orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà. Bó bá jẹ́ obìnrin, Ludmila, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Èmi náà ń lo oògùn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá kí n tó sá. Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Kì í ṣe fún àìsàn ni mo ṣe ń lò ó. Tìtorí èmi àti Garrett, ọ̀rẹ́kùnrin mi, ni, kó tó lọ sí Milwaukee tí kò padà.

Lọ́yà tó ń bá Bàbá Roemer rojọ́ wá láti Milwaukee, Lọ́yà Prentiss, ó ní ẹjọ́ náà á dùn bí obìnrin kan láàárín òṣìṣẹ́ bá lè dúró ní kóòtù kó sọ pé àwọn náà fara mọ́ Bàbá Roemer, pé kò sí ẹni tó pa lára. Èmi ni wọ́n mú. Èmi ni mo máa ń ka ìtàn àwọn ẹni mímọ́ fún wọn lákòókò oúnjẹ, ohùn mi sì já gaara. Àǹtí Agnes bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ìyàwó Lọ́yà." Inú mi dùn. Mo ti ń yá ìwé ìtàn kà ní láíbúrẹ́rì láti kékeré, nínú ìwé wọ̀nyẹn sì ni obìnrin kan ti máa ń dìde níwájú adájọ́, gbogbo ojú á yí sí i, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí ilé á dákẹ́ fún èmi náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ náà, nínú ọkọ̀ Garrett, níwájú kóòtù gan-an, mo gbé oògùn tèmi mì, mo nu ẹnu, mo wọlé lọ búra. Obìnrin ni lọ́yà ìjọba. Ó rọra bi mí ni, kò le mọ́ mi. Ó ní, "Arábìnrin Thelen, ṣé kò sí obìnrin kan níbi iṣẹ́ yín tí àìsí oògùn yìí lè pa lára?" Ojú Janelle wá sí mi lọ́kàn. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí. Mo sì ní, "Kò sí o. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fi sẹ́nu rí." Ilé dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi gan-an ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà din ẹja ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ yìí, ẹ ní tèmi ni, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Janelle ló gbé àwo ẹja wá bá mi. Ó rò pé àwọn lọ́yà ò bi mí ní nǹkan kan nípa àìsàn. Èmi ni mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Bàbá Roemer jàre ní kóòtù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. Àwọn adójútòfò ní ọ̀nà méjì ló wà. Bàbá lè ní kí wọ́n yọ oògùn náà kúrò pátápátá, ó sì lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí dókítà bá sọ pé àìsàn ló fi ń wò. Fáda Malloy ti sọ ọ́ fún wọn pé ohun tí a fi wo àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ oògùn kan náà. Ẹ mọ bí a ṣe rí ní Marienfeld. Obìnrin tí inú bá ń run nítorí nǹkan oṣù, ẹ̀yìn ló ń sọ pé ó ń ro òun. Kò sí ìkankan nínú wa tó máa lọ dúró níwájú Bàbá Roemer kó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù mi ni mo bá wá." Nítorí náà, wọ́n ní kí n máa ṣe ẹnu fún àwọn obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó fún àìsàn sọ fún mi, kí n wá sọ fún Bàbá, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Janelle bá mi nínú ọkọ̀. Kò tíì tan ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ ọ́. Ẹnu mi ò gbé e." Mo ní, "Kí lo wá ń bẹ̀ mí sí? Ṣé èmi kọ́ ni Ìyàwó Lọ́yà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tan ọkọ̀.

Mo wọ ọ́fíìsì Bàbá Roemer pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wà lẹ́nu mi. Bàbá jókòó, Màmá Ottilie ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, Lọ́yà Prentiss wà níbi fèrèsé, kò tiẹ̀ wò mí. Bàbá ní, "Corinne, ṣé a rí ẹnì kan?" Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹnì kan wà." Bí mo ṣe wo ẹ̀yìn lọ́yà yẹn ni àyà mi já. Bí mo bá ní ẹnì kan wà, á yíjú padà, á bi mí pé, kí ló dé tí o fi búra pé kò sí? Wọ́n á ní mo búra èké lórí Bíbélì. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wádìí, ìwádìí ò sì ní dúró lórí Janelle, á dé ọ̀dọ̀ mi, á dé inú báàgì mi. Mo ní, "Kò sí, Bàbá." Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú? Torí bó bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan péré, ilẹ̀kùn náà á wà ní ṣíṣí." Mo ní ó dá mi lójú. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ọkàn mi balẹ̀." Nígbà tí mo jáde, Janelle ń dúró dè mí nídìí ìkòkò, ojú rẹ̀ mọ́. Mi ò lè sọ fún un pé mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Mo sọ ọ́ o. Bàbá kọ̀. Ó ní ilé òun kì í ṣe ilé ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn tàbí kò sí àìsàn." Janelle ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá Roemer?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló sọ." Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òwú rẹ̀, ó rì í bọ ìda, ó sì bẹ̀rẹ̀, "Mo kí ọ, Màríà." Bàbá Roemer, láti ọjọ́ yẹn ni kò kí yín dáadáa mọ́. Ẹ tiẹ̀ bi mí pé kí lẹ ṣe fún un. Mo ní bóyá òtútù ni.

Òtútù dé lóòótọ́. Oògùn náà wọ́n, Janelle ló sì ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ aláìlera. Ó gbìyànjú oríṣi mìíràn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò di ẹ̀jẹ̀ náà mú. Lójú mi báyìí ló ṣe ń funfun bí ìda tí wọ́n fi sóòrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yìnyín, bí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára wọn ṣe máa ń ṣe. Á jáde lọ sẹ́yìnkùlé, á fọ́ ọ̀pá yìnyín tó rọ̀ sétí òrùlé, á máa rún un ní ẹnu kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ọmọdé tó rí súìtì. Àǹtí Agnes ní, "Janelle, kí ló dé? Ṣé o ti gbé nǹkan sínú ni? Ara aláboyún ló máa ń wá nǹkan báyìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń sọ fún un pé, "Á dáa, á dáa," bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń sáré lórí ìjókòó lásán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu mi lè tún ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Ní àràárọ̀ ni mo máa ń ní òní ni màá sọ ọ́. Ẹ̀rù á bà mí, màá ní ó di ọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ tí à ń ri àwọn àbẹ́là Àjíǹde ni ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa ń ka adúrà pọ̀ ní ohùn kan, ìda ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ìkòkò, mo sì gbọ́ pé ohùn kan ti kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọrin pọ̀ á mọ̀ ọ́n, bí ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá lọ, á dà bí ìgbà tí wọ́n yọ eyín. Mo yíjú. Janelle ṣì dúró. Ó di etí ìkòkò mú, bẹ́ẹ̀ gbígbóná ni, kò sì mọ̀ pé ó gbóná. Ó ní, "Corinne, ẹsẹ̀ mi tutù." Mo wolẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí fún yín. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dé bàtà èmi náà kí n tó mọ̀. Àǹtí Agnes ló gbá a mú kó tó ṣubú sínú ìda, ẹ̀yin náà lẹ sì ń pariwo pé, "Ẹ pe ọkọ̀ ọsibítù! Ẹ pè wọ́n!" Àbẹ́là tirẹ̀ já sínú ìkòkò, ó yọ́. Wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí lọ́sibítù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀ láti dá, wọ́n sì gbé ilé ọmọ rẹ̀ jáde kó má baà kú. Ludmila kò ní wá mọ́.

Bí mo bá ní kí n dúró níbí, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ní ọjọ́ kejì, mo rí Bàbá Roemer tó ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, Màmá Ottilie di òdòdó dání. Ó ní, "Mò ń lọ rí ọmọ mi ní ọsibítù." Mo rò ó lójú ẹsẹ̀. Á wọ yàrá yẹn, á ní, "Janelle, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Janelle á ní, "Mo ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin lẹ kọ̀." Àwọn méjèèjì á wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò mí. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Bàbá, ẹ má lọ. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí òun." Ó ní, "Kí ló ṣe?" Mo ní, "Ohun tó ṣe... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́." Màmá Ottilie fi ọwọ́ bo àyà rẹ̀, ó ní, "Corinne, ṣé oyún ni? Ṣé ó ṣẹ́ ẹ ni?" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti fi ìyẹn tan ara mi jẹ fún ìgbà pípẹ́, pé mi ò sọ ọ́. Mo tẹrí ba ni. Mo tẹrí ba, mo sì jẹ́ kí omijé mi jábọ́, omijé ẹ̀rù, wọ́n sì rò pé omijé ìtìjú nítorí ọ̀rẹ́ mi ni. Bàbá Roemer jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ́rùn, ó sì sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Láti etí dé etí ni ọ̀rọ̀ oyún náà fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin mọ ìyókù, torí ẹ̀yin lẹ ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi lé yín lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbé ọbẹ̀ lọ fún ìyá Janelle. Kò sí ẹni tó lọ bá wọn kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Janelle wá kó bàtà àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, Àǹtí Agnes, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ ń ka adúrà yín lọ. Ẹni tí ẹ gbá mú pẹ̀lú ọwọ́ yín méjèèjì. Ó rò pé torí ó bèèrè oògùn la ṣe ń bínú sí i. Ó ní kí n bá òun kí yín. Mi ò bá a kí yín.

Bàbá Roemer ní kí n máa ri àbẹ́là kékeré kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún ọkàn ọmọ tí wọ́n pa náà. Ó ní kí n ṣe é torí pé èmi ni ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Àbẹ́là yẹn ló ń jó lẹ́yìn mi yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí bí mo ṣe ń dá dúró nídìí ìkòkò, tí mò ń kí ìyá tó lóyún nítorí ọmọ tí kò sí. Mo máa ń dé ibi tí a ti ń ní, "gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, nísinsìnyí àti ní wákàtí ikú wa," màá sì fò ó. Màá tún un rì kí ìda tó gbẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń wú gúlúgúlú. Ní àìpẹ́ yìí, ó ku díẹ̀ kó pé ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, Bàbá ní òun fẹ́ gbé ọ̀kan lọ fún Janelle fúnra rẹ̀, kí àwọn jọ tàn án, kó mọ̀ pé òun ti dárí jì í. Dárí jì í! Ó mú èyí tí mo rì lọ́jọ́ náà, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń yí i lọ́wọ́. Kò bi mí ta ló ń ronú ọkọ. Ó ní, "Corinne, ẹni tó ri àbẹ́là yìí, ẹ̀rù ń bà á. Láti ìgbà Àjíǹde ni mo ti ń rí i. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ọmọ mi?" Mo kúnlẹ̀ sínú ìda tó dà sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Mo rò pé á gbá mi. Ó gbé àbẹ́là náà sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ó wá gbà gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀? Pé àìsàn tàbí kò sí àìsàn?" Mo ní, "Ó gbà á gbọ́, Bàbá." Ó ní, "Mo lọ sí kóòtù kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ mi ṣe ohun tí ọkàn mi ò fẹ́. O sì wá fi ẹnu mi ṣe é." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo lọ bi ẹnu ẹlòmíràn léèrè nípa ara rẹ̀. Ojú tì mí láti bi í." Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bá Janelle. Mo lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ṣì wà lórí rẹ̀, mo sì ń rí ojú kan ṣoṣo. Mo sọ ọ́ dé ibi tí mo ti tẹrí ba. Ó ní, "Dúró ná. Ọmọ tí wọ́n ní mo pa, ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo wo ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Torí mo ti ní orúkọ sílẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Corinne, má bẹ̀ mí. Kò sí ohun tí o sọ yìí tí mi ò mọ̀ nípa ara mi. Àwọn tí o tẹrí ba fún ni kí o lọ gbórí sókè fún." Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìdí tí mo fi dúró síbí nìyẹn. Mi ò bẹ̀ yín fún ara mi lónìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ lọ kí Janelle Hruska. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ, ẹ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bí kò bá sì ṣílẹ̀kùn, ẹ fi ọbẹ̀ náà sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jókòó sápá ọ̀hún, tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí ilé dákẹ́ bẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, tí ẹ̀rù sì bà yín dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ padà lọ sọ fún un pé ẹ ò lè jẹ́ ẹ. Ẹ má gbé e mì. Mo gbé tèmi mì, ara ọ̀rẹ́ mi ló sì já sí. Bí ìjọba bá tún bẹ̀rẹ̀ ìjà, bí Bàbá Roemer bá tún lọ sí kóòtù, tí ẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí tí ẹ ò sí, ẹ bi obìnrin tó ni ara. Ẹ má bi ẹni tó jókòó tì í.

Mi ò mọ̀ bóyá Janelle máa wá. Bó bá wà lẹ́yìn níbẹ̀, mi ò ní gbójú sókè wò ó, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti adájọ́ lọ. Ohun kan ló kù. Àbẹ́là tó ń jó lẹ́yìn mi yìí, kò sí ọmọ tó ni ín. Kò sí ọmọ kankan rí. Mo ti gbìyànjú láti pa á fúnra mi ní àárọ̀ yìí, ọwọ́ mi kò gbé e. Àǹtí Agnes, ẹ̀yin lẹ jókòó sún mọ́ ọn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fẹ́ ẹ pa.